Ọyẹ́ Tí A Lò Létí Òkun

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọyẹ́. Èyí tí wọ́n ń rí lónìí, tí wọ́n fi ń wọ súwẹ́tà fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n á sì máa pariwo bí ẹni tí wọ́n ń dá lóró, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ọyẹ́ tí mo bá ní Ìfọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, ọyẹ́ gidi ni. Ètè á là, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ. Ẹsẹ̀ wa á funfun bíi ti ẹni tó tẹ èlùbọ́ mọ́lẹ̀. Kùrukùru á bo gbogbo àdúgbò, a ò ní rí òrùlé ilé kejì láàárọ̀. Wọ́n á ti fún wa ní họlidé ọdún Kérésì nílé ìwé, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi họlidé ṣe nínú eruku? A ó kàn máa họra ni.

Àsìkò yẹn gan-an ni inú ìyá mi máa ń bàjẹ́ jù. Ọmọ etí òkun ni wọ́n. Ìlú kékeré kan ni wọ́n ti wá, ní ọ̀nà Àgbádárìgì, níbi tí òkun wà lápá kan, tí ọ̀sà wà lápá kejì, tí igi àgbọn sì wà láàárín. Tí ọyẹ́ bá ti mú wa, tí wọ́n ń fi òróró àgbọn pa wá lára, wọ́n á ní, “Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Lọ́dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ tútù ló ń ti orí òkun wá. Ara ọmọdé ibẹ̀ máa ń dán ni.” Wọ́n á mí kanlẹ̀. Àwa ọmọ á bi wọ́n pé ìgbà wo la máa lọ. Wọ́n á ní ká gbé ẹnu wa dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Bàbá tó bí ìyá mi kú nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló tọ́ wọn dàgbà. Aláwọ̀n ni ẹ̀gbọ́n yìí, àwọ̀n ńlá tí èèyàn púpọ̀ ń para pọ̀ fi okùn fà jáde látinú òkun. Wọ́n rán ìyá mi lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ ẹbí kan tó ń ta òróró àgbọn. Ibẹ̀ ni bàbá mi, tó máa ń kó obì láti Ìfọ̀ lọ tà, ti rí wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ti bá ìdílé kan nílé sọ̀rọ̀ pé àwọn ni wọ́n máa fi ọmọ fún. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá mi ti bá bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìfọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn o. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Kìrìsìtẹ́nì làwọn ará ilé ìyá mi, kò sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn jà. Ohun tó ká ẹ̀gbọ́n ìyá mi lára ni pé ẹnikẹ́ni ò wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tí bàbá mi padà rán àwọn àgbààgbà lọ pẹ̀lú ẹrù ìdána, bí wọ́n ṣe ru ẹrù náà lọ ni wọ́n rù ú bọ̀.

Látìgbà náà, ìyá mi ò délé mọ́. Wọ́n ti bímọ, wọ́n ní ìsọ̀ tiwọn lọ́jà, àwọn obìnrin àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n lójú ara wọn, ọmọ tó sá nílé ni wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ láyé yìí: kí ẹ̀gbọ́n wọn pe bàbá mi ní àna lójú gbogbo èèyàn. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú àdúrà wọn láàárọ̀, ó ti sú èmi alára.

Ohun tó ń dun bàbá mi ní tiwọn yàtọ̀. Wọn ò ṣe ọ̀wẹ̀ àna rí. Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè wa nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá ìyàwó, wọ́n á ro ó, wọ́n á kọ ebè, wọ́n á máa kọrin. Mówè ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nílé àbúrò bàbá mi obìnrin, nígbà tí àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn wá ṣe tirẹ̀. Ó lè mu omi, ó lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé wá sóko, ṣùgbọ́n ohun tó máa dì lọ sílé, rárá o! Àwọn àna á sì fi lọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n á fi dán an wò. Wọ́n á gbé iṣu lé e lọ́wọ́, á dọ̀bálẹ̀, á ní òun ò gbà. Wọ́n á tún gbé e, á tún dọ̀bálẹ̀. Bó bá ṣe ń kọ̀ ọ́ sí i ni wọ́n á ṣe máa mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ọkùnrin kan wà ní Ìbafò tó ṣèèṣì gba ẹtù kan lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ rẹ̀. Títí ó fi darúgbó, Ọkọ Ẹtù ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni Ọmọ Ẹtù.

Bàbá mi máa ń sọ pé, “Èmi tí mo gbé ọmọ ọlọ́mọ sílé láìkọ ebè kan ṣoṣo, kí ni mo fi sàn ju olè lọ?” Ìyá mi á ní kí wọ́n yé sọ bẹ́ẹ̀ létí àwọn ọmọ. Bàbá mi á ní kí àwọn ọmọ gbọ́.

Lọ́dún kan, bí ọyẹ́ ṣe ń wọlé bọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọjá ní Ìfọ̀. Àgbọn ni wọ́n máa ń kó wọ ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n á máa tà láti ìlú dé ìlú. Obìnrin sísanra ni wọ́n, aláwàdà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rín sọ ohun tí ẹlòmíràn á fi ẹkún sọ. Wọ́n jókòó sínú ìsọ̀ ìyá mi, wọ́n ní, “Ẹ kó àwọn ọmọ wá lo ọdún lọ́dọ̀ wa.”

Ìyá mi ní, “Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká wá?”

“Wọn ò ní kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ pè yín, wọn ò sì ní kí ẹ má wá. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gbọ́n yín.”

Háà! Ìyá mi ò lè pọnmi délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbàgbé korobá sídìí kànga. Kó tó dalẹ́, gbogbo ilé ti mọ̀ pé etí òkun là ń lọ, bàbá mi sì ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣọ́ obì wọn.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní kùtùkùtù, a sọ̀ ní Ìdó, a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń pariwo, epo rẹ̀ ń rùn, àbúrò mi bì sára obìnrin kan tó di ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́yà. Obìnrin náà fi èdè Ẹ̀gùn sọ nǹkan sí wa. Ìyá mi gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, wọn ò túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Nígbà tí a gúnlẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn la àárín igi àgbọn kọjá. Mo gbọ́ òkun kí n tó rí i. Mo rò pé ọkọ̀ ojú irin ló ń bọ̀, mo wá ń retí kó dé, kò dé. Nígbà tí mo rí i tán, mo dúró gbagidi, mo bi ìyá mi pé ta ló ń tì í. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, mi ò sì mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó síwájú ilé, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Èèyàn gíga, dúdú, tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn. Ìbínú tí àwọn ọmọ mi ń sọ pé mo ní yìí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Ìyá mi kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò wọ́n, wọ́n wo àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀,” wọ́n sì padà sídìí àwọ̀n. Ó tán. Ìyàwó wọn ló sáré kó wa wọ yàrá, tó gba obì tí bàbá mi gbé wá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí ohun sọ sí i.

Èmi ò lè purọ́, mo gbádùn ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ètè mi ti jiná. A ń jí, a ń sá lọ sí etí omi, ìgbì á lé wa, a ó tún lé ìgbì. A ń jẹ àgbọn títí inú fi ń run wá. Lọ́jọ́ Kérésì, àwọn ọmọ ibẹ̀ gbé aṣọ pupa wọ̀, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń jó, wọ́n ń gba bisikíìtì, a bá wọn lọ. Ìyá mi di ọmọdé padà. Wọ́n ń sọ èdè Ẹ̀gùn pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ dàgbà, wọ́n ń kọrin tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí nílé wa ní Ìfọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ìyá mi lè pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi nìkan ni ara ò rọ̀. Kò sí obì tí wọ́n máa ṣà, kò sí ẹni tí wọ́n máa ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n á rìn lọ sápá ibí, wọ́n á rìn lọ sápá ọ̀hún, bàtà wọn á kún fún iyanrìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò tíì bá wọn sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ojú wọn wà lára bàbá mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí, wọ́n fún mi ní ìkarahun kan, wọ́n ní, “Kí ló ń ṣe bàbá ẹ tí wọ́n fi ń rìn káàkiri bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Wọn ò ríṣẹ́ ṣe ni, sà.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín. Kékeré ni, ṣùgbọ́n mo rí i. Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi, inú wọn dùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́la, màá se ẹ̀wà alágbọn fún wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti fẹ́ràn ẹ̀wà mi.”

Bí wọ́n ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ti rin àgbọn rí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lágbede méjì. Ìyá mi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn jókòó ti igbá, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún un, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹnìkan fi ké láti etí omi pé wọ́n fẹ́ fa àwọ̀n.

Ó ku díẹ̀ kí bàbá mi fò. Wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sáré lọ dì mọ́ okùn. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, oko àna wọn ti wà níwájú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rí wọn. Wọ́n mi orí sí ọkùnrin kan tó wà níwájú lórí okùn pé kó sún, kí bàbá mi ráyè. Orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fà, wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń fà. Bàbá mi ò gbọ́ orin náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń lé e bí ẹni gbọ́ ọ. Okùn bó wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn míì ń lọ mu omi, bàbá mi ò lọ. Òòrùn ti mú gan-an kí àwọ̀n náà tó gúnlẹ̀, ẹja sì ń ta pàrà nínú rẹ̀, sáwá, ẹja ńláńlá, oríṣiríṣi.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí àwa ará Ìfọ̀ ò mọ̀. Létí òkun yẹn, ẹni tó bá ti fọwọ́ kan okùn ní ìpín nínú ẹja. Kò sí pé ọlọ́rọ̀ ni tàbí tálákà, kò sí pé àlejò ni. Aláwọ̀n fúnra rẹ̀ ni yóò pín in ní òkìtì òkìtì sórí iyanrìn, ibi tó bá gbé òkìtì tìrẹ sí ló fi ń sọ ohun tí o jẹ́ sí i. Ẹni tó bá kọ ìpín rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sọ lójú gbogbo ìlú pé òun ò sí lára àwọn, pé kò sí ohun tó da òun àti ilé aláwọ̀n pọ̀ mọ́ títí láé. Ẹni tí ìjà ńlá bá lé kúrò nílé nìkan ló ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pín ti àwọn ará ìlú tán. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣa ẹja tó dára jù, wọ́n kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn gan-an, níbi tí wọ́n máa ń kó ti àwọn ọmọ ìyá wọn sí. Gbogbo èèyàn ń wò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nara dìde, wọ́n na ọwọ́ sí bàbá mi, wọ́n ní, “Tìrẹ rèé.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. “Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á bù sí i. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á o.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò wọ́n. “O ò gbà á?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní ìpín rẹ ni mo fi fún ọ yìí.”

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń dán àwọn wò ni. Wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, iyanrìn bo àyà wọn, wọ́n ní, “Ẹ ò lè rí mi mú! Kódà tí ẹ bá gbé gbogbo òkun yìí fún mi, mi ò ní mú ẹja kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lọ sílé.”

Orí èmi ọmọ wú. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja náà ń wọ̀ mí lójú, mo sọ lọ́kàn mi pé ẹnikẹ́ni ò ní pe bàbá tèmi ní Ọkọ Ẹja.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rìn wọ inú omi dé orúnkún, wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja wọn. Wọ́n ń yà fún òkìtì bàbá mi, kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án. Bàbá mi ń gbọn iyanrìn dànù lára, inú wọn ń dùn, wọ́n ní ọ̀wẹ̀ ti parí.

Ìyá mi ló dé pẹ̀lú igbá, wọ́n ti gbọ́ pé ẹja pọ̀. Wọ́n rí òkìtì kan ṣoṣo tó kù, tí àwọn ẹyẹ ti ń bà lé. Wọ́n ní, “Ta ló ni èyí?”

Èmi ni mo dáhùn, tayọ̀tayọ̀. “Ti bàbá wa ni. Wọ́n fún wọn, wọ́n ní àwọn ò gbà!”

Ìyá mi ní, “Yéè! Ẹ ti pa mí.” Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí, bàbá mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ju igbá sílẹ̀, wọ́n sáré.

Nígbà tí mo fi bá wọn délé, ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn. Ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò lọ sókè rárá. Wọ́n ní, “Àbúrò mi ni ọ́. Ilé bàbá rẹ nìyí, máa bọ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó kọ̀ mí lójú gbogbo ìlú, kó má tẹ iyanrìn yìí mọ́.”

“Ọkọ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀. Ọkọ rẹ náà ni mo pín ẹja fún.”

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó wọn kàn, kàn, wọn ò ṣí i. Ẹ̀wà alágbọn náà wà lórí iná, mi ò mọ ẹni tó padà jẹ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, a ti wà ní ebúté pẹ̀lú ẹrù wa. Bàbá mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n ń bi ìyá mi, ìyá mi ò dá wọn lóhùn.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni ìyá mi ti wá yanu. Wọ́n ní, “Ṣé torí ẹrù ìdána tí wọ́n dá padà ni? Látìgbà yẹn lẹ ti ń bá a bọ̀ nínú?”

Bàbá mi ní, “Ẹrù wo? Ẹrù wo lò ń sọ? Ọ̀wẹ̀ àna mi ni mò ń ṣe! Ṣé kí n ṣe ọ̀wẹ̀ kí n wá gba owó iṣẹ́ ni?”

Ìyá mi kọjú sí wọn. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé wọn. Ẹnikẹ́ni ò ṣe ọ̀wẹ̀ lórí tiwọn rí, kò sì wá sí wọn lọ́kàn pé èèyàn lè fa okùn nínú òkun kó pè é ní oko. Wọ́n wá sọ ohun tí ìpín ẹja jẹ́ fún bàbá mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń túfọ̀.

Bàbá mi gbé ọwọ́ lérí. “Háà! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ilé ìdáná ni mo wà.”

Bàbá mi dìde dúró nínú ọkọ̀, ọkọ̀ fì, àwọn èèyàn ń pariwo mọ́ wọn. Wọ́n ní kí awakọ̀ yí padà, àwọn fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀, àwọn fẹ́ lọ ṣàlàyé. Ìyá mi ló fà wọ́n láṣọ jókòó. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí ara wọn tutù ná. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹ bá padà báyìí, wọ́n á fi okùn lé yín. Tí ara wọn bá tutù, wọ́n á ránṣẹ́ sí wa.” Bàbá mi jókòó. Ṣé ẹ rí i? Ibẹ̀ yẹn ló máa ń ká mi lára jù títí dòní, pé bàbá mi dìde, pé wọ́n fẹ́ padà, pé wọ́n wá jókòó.

A délé, a bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ìyá mi fi ìkíni rán àwọn tó ń lọ sọ́nà Àgbádárìgì, bóyá ó dé ọ̀hún, bóyá kò dé, a ò mọ̀. Ọjà ń lọ, òjò rọ̀, òjò dá, ọyẹ́ mìíràn dé, họlidé dé. Wọn ò ránṣẹ́ pè wá, a ò lọ.

Inú òjò tó tẹ̀lé e ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá sí Ìfọ̀. Wọn ò ru àgbọn. Aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, wọ́n ti rù. Ìyá mi rí wọn látinú ìsọ̀, wọ́n sì figbe ta kí obìnrin náà tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Inú rírun ló pa ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n ní, kò tilẹ̀ pẹ́. Wọ́n ti sìnkú, wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ọkùnrin ilé ló ní kí wọ́n má ránṣẹ́ sí Ìfọ̀, pé ọkọ ìyá mi ti kọ ilé sílẹ̀.

A dé ilé, ìyá mi sunkún títí. Nígbà tó yá, wọ́n bi obìnrin náà pé, “Ṣé ìbínú mi ni wọ́n bá lọ?”

“Ìbínú kẹ̀?” Obìnrin náà nu ojú wọn. “Ẹ ò gbọ́ ni? Olùkọ́ kan tó wá láti apá Ọ̀tà ló sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀ àna lọ́dọ̀ yín, pé ọkọ kì í gba nǹkan kan. Wọ́n ní kó tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún. Wọ́n ní, ‘Háà, àna mi ni mo lé lọ!’ Mo ní ká ránṣẹ́ sí yín, wọ́n ní rárá, àwọn fẹ́ fi ẹnu ara àwọn sọ ọ́, pé ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé, àwọn ọmọ á gba họlidé, ẹ ó wá. Wọ́n kun yàrá tí ẹ sùn sí ní ẹfun. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ sí ebúté. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, wọ́n á wo gbogbo ẹni tó bọ́ sílẹ̀ tán kí wọ́n tó wálé.”

Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ohun gbogbo. Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sì gbọ́ ẹkún bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìyá mi ò tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń bi obìnrin náà léraléra pé, “Ọyẹ́ wo? Ṣé ọyẹ́ tó kọjá yìí?” Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọyẹ́ tó kọjá yìí.

Mo rántí họlidé ọyẹ́ náà dáadáa. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wá. Ara gbogbo wa le, obì ti tà, owó ọkọ̀ wà nílé. Láràárọ̀, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Èkó á dúró ní Ìfọ̀, á gbé èèyàn, á tún lọ. Bàbá mi á jókòó síta, ìyá mi á máa bó ẹ̀gúsí, àwa ọmọ á máa họra. Lọ́jọ́ kan, bí ọkọ̀ náà ṣe ń fun fèrè, bàbá mi wo ìyá mi, wọ́n ní, “Ṣé ká lọ?”

“Wọn ò tíì ránṣẹ́,” ni ìyá mi wí, wọ́n sì ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.